Àmì Ọrùn Ẹ̀wù

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé,
òjò ń ṣẹ́ wínníwínní sórí òkúta Rothbury,
odò Coquet ń kùn bí ẹni tí oorun ò tó.
Elspeth Tait dúró lẹ́yìn káńtà,
téépù ìwọ̀n rọ̀ sí i lọ́rùn,
abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà láàárín ètè rẹ̀,
síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀.

Rafe Storey ò fẹ́ wọ ẹ̀wù náà.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó yí ọrùn ẹ̀wù síta,
ó ka ohun tí wọ́n rán mọ́ ọn:
“Sìmọ́ọ̀lù.”
Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní láàjì ni ẹ̀gbọ́n òun ń wọ̀,
ó ní wọn á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nínú bọ́ọ̀sì.
Ìyá rẹ̀ wo aago.

Elspeth yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta.
“Jókòó. Ta ló sọ fún ọ pé èébú ni?
Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ṣe èwe lẹ́nu àwọn baba ńlá wa,
kì í ṣe bíńtín ni wọ́n ń fi pè.
Tẹ́ẹ́rẹ́ ni.
Tẹ́ẹ́rẹ́ bí ipa ẹsẹ̀ àgùntàn lórí òkè Simonside.
Àwọn ará àríwá òkun lọ́hùn-ún
ní ọ̀rọ̀ kan tó bá a tan:
ẹran ọ̀sìn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fi pè, àgùntàn gan-an.
Baba rẹ ń sin àgùntàn. Ṣé wọ́n ń tì ọ́ lójú?”

Rafe ní àgùntàn gọ̀.
“Ó gọ̀, ara rẹ̀ lo sì ti ń jẹun.

Láàjì tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ń yangàn, kì í ṣe ọmọ ilé.
Àwọn Faransé ló gbé e sọdá omi;
lẹ́nu wọn, ọ̀làwọ́ ni,
ẹni tó ń fúnni láìwẹ̀yìn.
Ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n rẹ fún ọ ní ṣokoléètì kẹ́yìn?”
Ọmọ náà ronú, ó ronú. Kò rántí.

“Gíréètì ńkọ́? Ohun tó rí ṣákiṣàki ni,
iyọ̀ oníkóró, ọkà tí ọlọ ò lọ̀ kúnná,
kó tó wá di oyè lórí ọba.”

“Bíìgì ńkọ́?”

Elspeth rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.
“Áà, ìyẹn! Apá àríwá wa níhìn-ín la ti kọ́kọ́ bá a,
alágbára ló ń jẹ́, ẹni tí eegun rẹ̀ yi.
A ò mọ ilé baba rẹ̀.
Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe kó bá ọkọ̀ Norway dé,
àwọn ọ̀mọ̀wé kàn ń họrí ni.
Ràbàtà ọ̀rọ̀, gìrìwò ọ̀rọ̀,
ó ṣáà dé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sídìí iná,
kò sẹ́ni tó láyà láti bi í pé, ọmọ ta ni ọ́?”
“Bí ọkọ mi gẹ́lẹ́,” ni ìyá Rafe wí.

Nígbà òtútù tó kọjá, dókítà wọ̀n ọ́n ní Alnwick:
íǹṣì méjì ti lọ lára Elspeth.
Kò sọ èyí fún wọn.
Ó ní, “Tọ́ọ̀lù, ẹni tí ara rẹ̀ yá ló jẹ́ nígbà láéláé,
ẹni tí a pè tó ti dé.”
Kó tó sọ ọ́ tán,
ó ti ṣẹ́ etí apá ẹ̀wù méjèèjì, ó ti já òwú.
“Àti wíì, tí ìyá ìyá mi fi ń kẹ́ mi,
òṣùwọ̀n ni. Ohun tó ní ìwúwo.”

Rafe ní kó gé àmì náà síbẹ̀síbẹ̀.
Ó gé e. Ó jù ú sínú agolo bọ́tìnnì.

Ọmọ náà já sínú òjò,
apá ẹ̀wù ṣì bo ìka rẹ̀,
tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fo ọ̀gọ̀dọ̀, ìyá rẹ̀ ń pariwo.
Elspeth ka owó orí káńtà.
Ó kù ní pọ́n-ùn méjì.
Ó wo ẹnu ọ̀nà,
ó ti dúrọ́ọ̀ pa.